Ìrìn-Àjò Èmi Ọdẹ́ṣínà àti Àwẹ̀ró Lọ sí Orísun Odò Tó Di Kíkan

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin ènìyàn mi. Òjò ló kó gbogbo wa sínú ilé arọ yìí, kò sì sí ẹni tó lè lọ síbì kankan títí yóò fi dá. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lápò kó máa jẹ ẹ́, ẹni tó bá ní ọmọ lọ́wọ́ kó gbé e lé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fún mi ní àpótí o, n kò ní jókòó. Orí ìrìn ni mo ti bá ìtàn yìí pàdé, bí mo bá sì jókòó láti sọ ọ́, inú mi a máa hó bí omi orí iná. Bí ẹ bá rí i tí mo ń lọ tí mo ń bọ̀ níwájú ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, ẹ má pè mí ní wèrè. Ẹ jẹ́ kí n máa fi ẹsẹ̀ rìn, kí ẹ̀yin máa fi etí rìn tẹ̀lé mi.

Ọdẹ́ṣínà ni orúkọ mi. Àwọn tó mọ̀ mí nígbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu mọ̀ pé n kì í ṣe irú ọdẹ tí í pa ọ̀kẹ́rẹ́ kó wá máa fi ìrù rẹ̀ yangàn kiri ìlú. Mo ti wo ẹfọ̀n lójú títí ẹfọ̀n fi yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹkùn kan wà tó jẹ́ pé bó bá gbọ́ tí mo wúkọ́, ńṣe ni yóò kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ẹ máa rín in lọ. Ọ̀rọ̀ ń bọ̀ tí yóò pa ẹ̀rín mọ́ yín lẹ́nu.

Ní àkókò tí mò ń wí yìí, odò kan ṣoṣo ni àwa ará Etídò ní, Olómitútù ni à ń pè é. Inú òkè ló ti ń ṣàn wá, ó sì mọ́ débi pé bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sí i, wàá rí ihò abẹ́rẹ́ náà nísàlẹ̀. Epìyà, àrọ̀, edé, akàn àti ìṣáwùrú kún inú rẹ̀. Àwẹ̀ró, ìyàwó àbúrò mi, ló mọ odò náà ju gbogbo wa lọ. Nígbà tí ikú mú àbúrò mi, ìgèrè ni obìnrin yìí fi ń dẹ ẹja, akàn ló sì fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ títí tí wọ́n fi dàgbà tí wọ́n kọ́lé.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan ti ń bẹ̀rẹ̀, Àwẹ̀ró wọlé tọ̀ mí wá, igbá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ bá mi wo nǹkan yìí."

Mo wo inú igbá. Akàn kan ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ti fi ìka kàn án, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ wọlé bí ewé ẹ̀kọ.

"Ìyàwó, àìsàn ló ń ṣe akàn yìí ni?"

"Bó bá jẹ́ pé òun nìkan ni, n kò ní yọ yín lẹ́nu. Gbogbo wọn ló ń gun èbúté bọ̀. Ta ló rí i rí kí onílé máa sá fún ilé? Ẹja ń léfòó. Ìkarahun ìṣáwùrú ti fẹ́lẹ́ débi pé ojú ń rí ẹran inú rẹ̀. Òkúta ìsàlẹ̀ odò sì pọ́n bí ìgbà tí ènìyàn da osùn lé e. Mo tọ́ omi náà wò, ọkọ mi. Ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́."

Àwọn àgbà péjọ. Àwọn kan ní odò ń bínú, kí á fi àgbò bọ ọ́. A fi àgbò bọ ọ́, omi náà kò ṣíwọ́ pípọ́n. Ni Baálẹ̀ bá kọjú sí mi. "Ọdẹ́ṣínà, ìwọ lo máa ń sọ fún wa pé kò sí igbó tí o kò lè wọ̀. Bá wa lọ wo ohun tó wà ní orísun Olómitútù. Kò sẹ́ni tó débẹ̀ rí tó padà."

Ẹ ò rí i pé ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ. Mo dìde, mo gbé ìbọn, mo kó oògùn sápò. Ìgbà tí mo dé ẹ̀yìn odi ni mo rí Àwẹ̀ró tó ti gbé apẹ̀rẹ̀ rù, tó fi akèrègbè omi òjò há abíyá.

"Ìyàwó, níbo?"

"Ibi tí ẹ ń lọ náà ni. Ẹ̀yin mọ ẹran, èmi mọ omi. Ẹran kọ́ ló ṣẹ̀ wá."

A tẹ̀ lé etí odò, a dojú kọ òkè.

Kò pẹ́ tí a fi wọ igbó kan tí ewé rẹ̀ kì í mì bí afẹ́fẹ́ tilẹ̀ ń fẹ́. Iwin kan ló ni igbó náà. Ó ga bí ọ̀pẹ, kò ní ẹnu lójú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni ẹnu rẹ̀ wà. Bí ẹnu ọ̀tún bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu òsì a máa wúkọ́. Ó na ọwọ́ di ọ̀nà mọ́ wa.

"Àlọ́ ni ènìyàn ń túmọ̀ kọjá níhìn-ín," ni ẹnu ọ̀tún wí. "Ó ń sáré tọ̀sán-tòru, síbẹ̀ kò kúrò nílé. Ó ní ẹnu, kò sì jẹun rí. Kí ni?"

Èmi tí ara mi kò lélẹ̀ láti máa lọ, mo ti pariwo: "Ejò ni!"

Ẹnu òsì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

"Odò ni," ni Àwẹ̀ró wí jẹ́jẹ́. "Ó ń sáré, inú ilé rẹ̀ náà ló ń sá a. Ẹnu odò wà, ta ló sì bá a jẹun rí?"

"O mọ̀ ọ́n. Ó ku ọ̀kan. Ó sùn sínú ilẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n jí i, ó wá ń pa àwọn tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Kí ni?"

A ronú títí, a kò mọ̀ ọ́n. Iwin náà gbá mi mú lọ́rùn, ó gbé mi sókè. Mo yìnbọn lù ú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ọta ìbọn mì, ó sì tu ú dànù bí èkùrọ́. Mo pe ọfọ̀ tí baba mi kọ́ mi, èyí tí mo fi dá erin dúró lọ́jọ́sí. Iwin náà ní kí n tún un pè, ó ní ó dùn létí òun! Ibi tí ojú mi ti ń ṣú lọ ni mo ti gbọ́ ohùn Àwẹ̀ró nísàlẹ̀.

"Baba, ètè ọwọ́ yín ti bó. Ṣé omi Olómitútù lẹ ń mu?"

Ọwọ́ iwin náà dẹ̀ lọ́rùn mi. "Kí ni mo tún fẹ́ mu? Láti ìgbà tí mo ti wà nínú igbó yìí, òun nìkan ni mò ń mu. Nísinsìnyí, bó bá ti dé ọ̀fun mi, bí ẹni gbé iná mì ni."

Àwẹ̀ró ṣí akèrègbè, ó bu omi òjò fún ẹnu òsì, ó bu fún ẹnu ọ̀tún. Iwin gíga yẹn jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó gbé mi kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. "Èédú inú ilẹ̀ ni ìtumọ̀ àlọ́ mi," ni ó wí. "Ẹ máa lọ. Ẹ ó bá àwọn tó jí i lókè."

Ẹ má bi mí bóyá ẹ̀rù bà mí. Ọdẹ kì í bẹ̀rù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

A ń gun òkè lọ títí a fi dé abẹ́ àpáta funfun kan tó rọ̀ bí ẹfun. Adágún kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀, kò tó yàrá ìyá arúgbó, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó sá kúrò nínú Olómitútù ló kó ara wọn jọ síbẹ̀. Ìlú Aṣíkiri ni wọ́n ń pè é. Akàn gun akàn, ọ̀pọ̀lọ́ jókòó lórí ìṣáwùrú, epìyà fi ẹ̀gbẹ́ rọ́ epìyà débi pé wọn kò rí àyè yí padà. Àgbà àrọ̀ kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ gùn ló jẹ́ olórí wọn, ó sì sọ̀rọ̀ bí ènìyàn.

"Àwẹ̀ró, ṣé ìwọ nìyẹn? Èmi ni mo fa ìgèrè rẹ ya lọ́dún ìkún-omi."

"Ẹ̀yin ni? Mo ṣépè fún yín lọ́jọ́ náà o, baba. Ẹ dárí jì mí."

"Ìyẹn kò ká mi lára. Ẹni tó ń dẹ wá mú, ó mọ̀ pé a wà. Omi pupa yìí kò mọ̀ pé a wà rárá, ó kàn ń kọjá ni. Ibi tí à ń gbà mí èémí ló kọ́kọ́ dí. A yé ẹyin, ẹrẹ̀ pupa bò ó mọ́lẹ̀, kò sí ọmọ kan tó yọ. Àwọn tó lè rìn nínú wa ló dé ibí. Àwọn edé kò dé."

Èmi kò lè dúró, ẹsẹ̀ ń yún mi, mo ní kí á máa lọ. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀, ó bu omi adágún náà tọ́ wò.

"Èyí kò kan. Kí ló dé, nígbà tí omi kan náà ló ń ro wọ inú rẹ̀?"

"Ara òkúta funfun yìí ló ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa," ni àgbà àrọ̀ wí. "Bó bá ti kan án, kíkan rẹ̀ a rọ̀."

Àwẹ̀ró kó òkúta náà kún apẹ̀rẹ̀. Mo ní ẹrù wo nìyí, ó gbé e rù.

Lókè pátápátá ni a dé ìlú tí wọ́n ń pè ní Inákìíkú. Kò sí ẹnu ọ̀nà tí iná èédú kò ti ń jó níbẹ̀. Èéfín bo oòrùn. Ọ̀sán gangan ni, àwọn ènìyàn wọ aṣọ bí ẹni wà nínú ọyẹ́, òógùn sì ń ro lára wọn. Wọ́n fi ikọ́ kí wa, wọ́n fi ikọ́ mú wa dé ààfin. Ọba wọn, Awalẹ̀mádìí, jókòó láàárín ààrò méjì, ó ń làágùn, ó sì ń gbọ̀n pọ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, láti Etídò la ti wá. Omi tó ń ti ìlú yín ṣàn bọ̀ ti pa odò wa."

"Ọdẹ," ni ọba wí, "o mọ ọyẹ́ tó jà nílùú yìí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí oyè? Orí ẹní tí àwọn ọmọ mi sùn sí ló ti kó wọn lọ. Ọwọ́ mi yìí ni èyí àbíkẹ́yìn gan sí. Mo búra lọ́jọ́ náà pé iná kò ní kú nílùú yìí mọ́ láyé. A gbẹ́ ilẹ̀, a rí èédú. Omi tí a fi ń fọ̀ ọ́, àti èyí tó ń sun nínú ihò, ńṣe la ń dà á nù. Ohun tí mo bá ti dà nù kì í ṣe tèmi mọ́."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìjà ni mo gbé wá, àánú ọba yìí ló ṣe mí. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ kú ọ̀fọ̀ àwọn ọmọ. Olúwa má jẹ́ kí á rí irú rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ̀yìn lẹ da tiyín sí, ó wá bọ́ síwájú ẹlòmíràn." Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ ààfin. "Mo rí adágún kan lọ́hùn-ún, omi rẹ̀ mọ́ gan-an."

Ojú ọba mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Àwọn ẹja mi ló wà níbẹ̀! Ọwọ́ mi ni wọ́n ti ń jẹun. Orúkọ àwọn ọmọ mi tó kú ni mo sọ wọ́n."

Àwẹ̀ró dìde. Ó lọ sí ojú àgbàrá tó ń ti inú ihò èédú bọ̀, ó bu igbá kan omi pupa, ó gbé e dé etí adágún ọba. Gbogbo ìlú ti péjọ.

"Kábíyèsí, bí omi yìí kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí n da igbá kan péré síbí."

Ọba fò dìde láàárín ààrò méjèèjì. "Má dà á! Mo ní má dà á! Obìnrin yìí, mo bẹ̀ ọ́, má dà á!"

Àwẹ̀ró rọra gbé igbá náà kalẹ̀, kò da ẹ̀kán omi kan.

"Kábíyèsí mọ̀," ni ó wí.

Ìtìjú ọba kì í pẹ́ di ìbínú. Ó ní kí wọ́n mú Àwẹ̀ró lọ tì mọ́lé, kí wọ́n ju èmi sínú ihò kí n máa wa èédú títí n ó fi gbàgbé ọ̀nà ilé. Bí mo ṣe bá ara mi nínú ilẹ̀ nìyẹn, èmi tí igbó kò gbà! Òrùlé ihò náà kò jẹ́ kí n nàró. Omi pupa ń ro lára ògiri rẹ̀ bí ìgbà tí ẹran bá ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo fi dígà gbá ilẹ̀, eruku dúdú wọ inú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ mo ń bọ̀ nínú ihò bí ẹkùn tó wọ pàkúté.

Akéréburú, olórí àwọn awalẹ̀, sún mọ́ mi. Ọkùnrin kúkurú kan ni, àyà rẹ̀ ń han bí ẹwìrì tó lu.

"Ọdẹ, ṣé lóòótọ́ ni ọba ní kí wọ́n má dà á sí adágún?"

"Ṣebí ìwọ náà wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni, kó má lọ jẹ́ pé etí mi ló ń tàn mí. Inú omi yẹn ni ìyàwó mi ti ń bu èyí tó fi ń se oúnjẹ fún wa."

Lẹ́yìn náà ó ju dígà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ju tirẹ̀ sílẹ̀. Ìró irin ń dún lọ láti ibi ihò kan dé èkejì, a sì tú jáde sínú ìmọ́lẹ̀, ojú wa dúdú, eyín wa nìkan ló funfun.

Nígbà tí ó ṣe, iná ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, torí kò sí ẹni tó ń wa èédú bọ̀. Ọba jáde sí wa, ó ń gbọ̀n. "Akéréburú, ṣé ẹ fẹ́ kí òtútù pa wá ni?"

"Kábíyèsí, bí òtútù bá dé, a ó wọ aṣọ, a ó sún mọ́ ara wa, igi sì wà nígbó. Omi ńkọ́? Ta ni yóò bá wa rọ omi bí alágbẹ̀dẹ ti ń rọ ọkọ́?"

Ọba wò wá títí. Ó lọ kúnlẹ̀ sétí adágún rẹ̀, ó fi ọwọ́ sínú omi, àwọn ẹja wá fi ẹnu kan ìka rẹ̀. N kò gbọ́ ohun tó bá wọn sọ. Nígbà tó dìde, ó ní kí wọ́n tú Àwẹ̀ró sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ dí ihò náà."

Ha, ẹ ò bá rí wa! A yí àpáta, a gbé ìtì igi, a fi amọ̀ rẹ́ ẹnu ihò náà. Èmi Ọdẹ́ṣínà ni mo gbé àpáta tó tóbi jù, ẹni tó bá jiyàn kó lọ bi wọ́n léèrè. A jó, a yọ̀. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí n ó fi yangàn nílé pọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ń ti abẹ́ àpáta náà jáde. Ó ṣì pupa, ó ṣì kan.

A tún un dí, ó gba ibòmíràn yọ. Ọba ká ọwọ́ lérí. "Mo ti fi í sílẹ̀, kò fi mí sílẹ̀. Kí ni kí n tún ṣe?" Akéréburú jókòó sílẹ̀. Ní tèmi, inú bí mi débi pé mo yìnbọn lu àpáta. Kí ni ìbọn fẹ́ bá omi sọ?

Àwẹ̀ró gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta funfun sójú ọ̀nà omi náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni ń to iṣu. Omi pupa kọlu òkúta, ó hó, ó yọ ìfófòó. A dúró. Ó fi ìka tọ́ ọ wò ní ìsàlẹ̀.

"Ó ṣì kan. Ṣùgbọ́n kò kan tó ti àná."

Ni gbogbo ìlú bá ń lọ sí àpáta Aṣíkiri tí wọ́n ń ru òkúta bọ̀, ọba pàápàá ru tirẹ̀. Nígbà tí ọkàn mi kò gbà mí láyè mọ́, mo ní, "Ìyàwó, ó tó. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

Kò gbé ojú sókè. "Ọkọ mi, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Ẹ ní kí wọ́n máa wá wò mí."

"Kí lo ń sọ yìí?"

"Ẹ wo òkúta tí mo kọ́kọ́ tò, ìpẹtà ti bò ó. Èyí tí ìpẹtà bá bò kò lágbára mọ́, ó fẹ́ kí ènìyàn fọ̀ ọ́ tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Bí mo bá lọ, wọn yóò ṣe é títí yóò fi sú wọn. Kò ní sú èmi, torí omi mi ni."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo tún bẹ̀ ẹ́. Èmi nìkan ni mo sọ̀kalẹ̀. Nílé, àwọn kan ní mo fi ìyàwó àbúrò mi sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́nu-èéfín. N kò sì lè jókòó pẹ́ níbì kan láti ìgbà náà, ọdọọdún ni mò ń gun òkè yẹn.

Ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, irun Àwẹ̀ró ti funfun, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti yi bí awọ. Akéréburú ti kú, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá Àwẹ̀ró to òkúta. Bí Àwẹ̀ró ti rí mi, kò kí mi, ó fà mí lọ́wọ́ dé etí omi bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

"Ẹ kúnlẹ̀, ọkọ mi."

Mo kúnlẹ̀. Ó yí òkúta kékeré kan padà. Kòkòrò kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò tóbi ju hóró ọkà bàbà lọ, ìrù rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń mì nínú omi.

"Kí nìyí?"

"N kò mọ orúkọ rẹ̀. Òun ni ẹja ń jẹ. Kò sí ẹja tí í padà síbi tí oúnjẹ rẹ̀ kò tíì padà sí." Ó fi ọwọ́ kàn mí léjìká. "Ẹ rọra, ọkọ mi. Ẹ má mí lé e lórí."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi tí mo dá erin dúró, orí eékún ni mo wà níwájú kòkòrò tí n kò lè pè lórúkọ, mo sì di èémí mi mú.

Ẹja kò tíì dé. Akàn kò tíì dé. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn, n kò ní fi irọ́ gùn ún. Ọ̀la ni mo tún ń lọ, òkúta sì pọ̀ lọ́nà. Ẹni tó bá gbọ́ mi, tí orí rẹ̀ sì lè ru ọ̀kan, kó dìde.